Wọn Ò Gbọdọ̀ Kó Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́rin Yẹn

Orí àpótí ni obìnrin náà wà nígbà tí akọ̀wé kọ́kọ́ rí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ àpótí, ó fi ìkejì ti ògiri, ó sì ń fi èékánná họ ìwé ìkéde kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí. Akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ìwé náà tán ni. Ó ti lọ lẹ ìkejì mọ́ géètì, ó padà wá mú búrọ́ọ̀ṣì tó gbàgbé, ó sì bá ohun tó bá yìí. Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ, ó ń ṣàn wálẹ̀ lápá obìnrin náà, ó ń kán sí i láṣọ iṣẹ́.

Obìnrin náà ò tíì fojú kan oorun láti àná. Ìdè orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn bò ó lójú, inú sì ń bí i. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí akọ̀wé ti ń lẹ ìwé ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri. Kò tíì rí ẹni tó ya ọ̀kan lójú ẹ̀ rí, kò sì tíì rí ẹni tí ìbínú bù kún ẹwà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ta ló kọ ìranù yìí?"

"Alága ló kọ ọ́, mà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ẹ ò sì gbọ̀n?"

Akọ̀wé rò ó dáadáa kó tó dáhùn, nítorí pé kì í fẹ́ parọ́. "Ó gbọ̀n díẹ̀, mà. Mo tẹ 'ìgbẹ̀bí' ṣì lẹ́ẹ̀mejì."

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó na ìwé tútù náà pẹrẹsẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ akọ̀wé láyà, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè mú dáadáa. "Ó yá, gbé e lọ. Lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó kọ ọ́."

Akọ̀wé lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ kan, ìwé tó kù wà ní abíyá kejì, kò ráyè yọ èyí tó wà láyà rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ yọ ọ́ ni. Àwọn èèyàn ń dá a dúró ní títì, wọ́n ń ka àyà rẹ̀ sókè: Láti lè dín ìnáwó kù, ìjọba ìbílẹ̀ yóò ti yàrá ìgbẹ̀bí pa láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Kí àwọn aláboyún máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Ilé ìwòsàn ńlá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí kanlẹ̀ ná. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni láti àdúgbò yẹn dé ilé ìwòsàn ńlá, ìyẹn tí ọ̀nà bá já geere. Alága tó ní kí wọ́n máa lọ síbẹ̀ ò rọbí rí, kò sì jókòó ti ẹni tó ń rọbí nínú mọ́tò rí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní owó ò sí fún bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tó wà ní yàrá ìgbẹ̀bí yẹn gan-an ni wọ́n kó àga aláwọ tuntun wọ gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, àga tó ń yí bírí lábẹ́ ìdí ẹni tó jókòó lé e. Ojú mi ló ṣe. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọjọ́ kejì, akọ̀wé tún dé. Òǹtẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé òun ló ń tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé gbogbo tó bá wọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Obìnrin náà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe òun. Òun nìkan ni agbẹ̀bí tó ṣẹ́kù ní yàrá náà láti ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì kọ̀, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò. Òǹtẹ̀ bá a níbi tó ti ń wọn ọmọ tuntun lórí ìwọ̀n.

"Ẹ máa bá mi fọwọ́ sí ìwé kan, mà, pé ẹ ti rí ìkéde gbà."

"Mi ò rí nǹkan kan gbà. Àyà ẹ ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Òótọ́ ni. Mo ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Nọ́ọ̀sì, ó gbé e mì. "Kí ló dé tó ò kúkú yọ ọ́ kúrò?"

"Òfin ni, mà. Ìkéde gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo ará ìlú á ti rí i kà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i wò bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ọkùnrin náà le koránkorán, àmọ́ igun ẹnu rẹ̀ kan ń jó.

Òǹtẹ̀ fa ẹ̀dà ìkéde náà yọ nínú àpò. "Ṣé kí n ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè? Kò sẹ́ni tó máa ń ka ìsàlẹ̀."

"Ṣé ìmọ̀ràn lo fẹ́ gbà mí?"

"Áà, rárá o! Akọ̀wé tó bá gba ará ìlú nímọ̀ràn, wọ́n á lé e. Ìwé ni mo ń kà. Ohùn mi ló kàn ga." Ó wá kà á, ó ń sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ẹgbẹ̀rún kan ará ìlú bá fọwọ́ sí ìwé àtakò láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ti yàrá náà pa àfi tó bá kọ́kọ́ pe gbogbo ìlú jókòó, tó gbọ́ ẹjọ́ wọn, tí àwọn káńsẹ́lọ̀ sì dìbò lójú wọn.

"Tún un kà."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó parí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó sì ti ń fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ ṣeun," Nọ́ọ̀sì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bọ̀wọ̀ fún un.

"Ẹ má dúpẹ́ o. Mi ò bá yín sọ nǹkan kan."

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó wà ní kọ́nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Aránṣọ kó gbogbo aṣọ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ní ọmọ mẹ́ta lòun bí sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ gba orí òun kọjá. Wọ́n fa ìlà sórí ìwé: orúkọ, ilé, ìfọwọ́sí. Láti ọjọ́ náà, bí Nọ́ọ̀sì bá ti sinmi lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ó di ojúlé dé ojúlé.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á kanlẹ̀kùn, á jókòó sórí ohun yòówù tí wọ́n bá gbé fún un, á bèèrè orúkọ àti nọ́ńbà ilé, á fi ọwọ́ rẹ̀ tó yá tó sì mọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni á na bírò sí onítọ̀hún pé kó fọwọ́ sí i. Bó ṣe ń kọ káàdì àwọn aláboyún nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó ń rọbí kì í ráyè di bírò mú.

Òǹtẹ̀, ní tiẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Òǹtẹ̀," Ìyá Aránṣọ wí, ó gbé ṣòkòtò náà sókè kí gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ lè rí i, "mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò yìí lọ́jọ́ Ajé. Mo tún gé e lọ́jọ́rú. Tí mo bá tún fi sísọ́ọ̀sì kàn án lónìí, péńpé ló máa dà o."

"Ẹ ṣáà máa rọra gé e, mà."

"Ṣé ṣòkòtò lò ń gé ni, àbí èèyàn lò ń wò?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ìwé tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná. Nígbà tó dìde láti lọ, Òǹtẹ̀ dìde. Ó bá a gbé páálí ìwé.

"Apá ibí kọ́ nilé ẹ," Nọ́ọ̀sì wí nígbà tí wọ́n dé ìta.

"Mo mọ̀. Ọ̀nà tó jìn jù lọ ni mo ń wá."

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń tẹ̀ lé alátakò kiri, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún un?"

"Wọ́n máa ń lé e ni. Ṣùgbọ́n mi ò tẹ̀ lé alátakò. Mo ń sin obìnrin kan tí páálí rẹ̀ wúwo."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀. Àwàdà pọ̀ lẹ́nu wọn, àmọ́ ìbínú Nọ́ọ̀sì ò lọ ibì kankan. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kan láti sinmi, ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú Òǹtẹ̀.

"Wò wọ́n. Obìnrin tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ìṣẹ́jú ni mo fi ń ka tiẹ̀, kì í ṣe wákàtí. Mo ti fi ọwọ́ yìí tẹ ikùn obìnrin mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, tí apá mi ò ṣe é gbé mọ́ fún ọjọ́ méjì. Nínú mọ́tò, ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Dírẹ́bà?"

Òǹtẹ̀ mú ọwọ́ méjèèjì náà, ó dì wọ́n mú. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó dì wọ́n mú.

"Òǹtẹ̀."

"Olólùfẹ́ mi."

"Ẹ wo ẹnu! Ta ló ní kí o pè mí bẹ́ẹ̀? Mi ò tíì fọkàn tán ẹ o."

"Mo mọ̀. Mo ń dúró."

Ní ogúnjọ́, Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó gbé páálí lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹgbẹ̀fà orúkọ ló wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà nídìí káúńtà, Alága sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu tíì. Alága gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹwàá. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Madam, ọwọ́ kan ló kọ gbogbo orúkọ yìí. Ẹ jókòó sí yàrá yín, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìlú fúnra yín."

"Èmi ni mo kọ orúkọ, sà, àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí i! Bí mo ṣe ń kọ káàdì nìyẹn!"

"Káàdì kọ́ nìyí. Òfin ní kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, àfi tí òṣìṣẹ́ wa kan bá wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí."

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ òfin yẹn. Ó mọ̀ ọ́n láti orí dé ìdí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi jókòó ti obìnrin yìí, tó ń wò ó bó ṣe ń kọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òfin ọ̀hún ò sì wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ọwọ́ náà ló ń wò, kò wo ohun tí ọwọ́ náà ń kọ. Èèyàn méjì péré ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí láyé: agbẹ̀bí tí kò lè ṣe kó má bá èèyàn kọ̀wé, àti akọ̀wé tí ìfẹ́ ti ra níyè.

"Akọ̀wé," Alága wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ṣé o mọ nǹkan kan nípa ìwé yìí?"

Ẹ̀rù ò ba Nọ́ọ̀sì. Ó yíjú sí Òǹtẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ku díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín.

"Rárá, sà," Òǹtẹ̀ wí.

"Tẹ̀ ẹ́ pé a kọ̀ ọ́."

Òǹtẹ̀ gbé òǹtẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì dúró títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Kò pariwo, kò ṣépè, ó kọ̀yìn sí wọn, ó jáde. Òǹtẹ̀ sáré bá a lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi lónìí. Ìyá mi ló fi ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ wá iṣẹ́ yìí fún mi, ìyá mi..."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ìyá ẹ! O ní ò ń dúró. Kí lo wá ń dúró dè? Obìnrin mélòó ló máa kú sójú ọ̀nà kí o tó la ẹnu?" Omi lé ròrò sí i lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. "Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ṣòkòtò ẹ ti kúrú tó."

Ìyá Òǹtẹ̀ ti gbálẹ̀ ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò nà mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti ń dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ mi, mo gbọ́. Mo dúpẹ́. Obìnrin yẹn ì bá ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mo ti máa ń sọ fún ẹ, akọ̀wé ò lẹ́nu, ọwọ́ ló ní."

Òǹtẹ̀ jókòó. "Màámi, ibo lẹ bí mi sí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ sọ fún mi."

Ìyá rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọ́fíìsì. Yàrá ìgbẹ̀bí ò tíì sí nígbà náà. Ó mú mi lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ọkọ̀."

"Ta ló gbẹ̀bí yín?"

"Ta ni ì bá gbẹ̀bí mi? Èmi náà ni. Mo fi eyín gé ìwọ́ rẹ. Ọjọ́ kẹta ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Inú ò bí yín?"

"Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ta ni n bá bínú sí? Ṣé Alága ìgbà yẹn? Ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo ń gbá."

Bí ìyá náà ṣe sọ ọ́, láìpariwo, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀, ló gún Òǹtẹ̀ lọ́kàn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni láti kékeré. Kò jà nílé ìwé, kò gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn inú bí i, inú bí i fún gbogbo ọdún tí ìyá rẹ̀ fi tẹ ẹ̀yìn ba, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn káńsẹ́lọ̀ jókòó. Ará ìlú láyè láti wá wòran lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá ti sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, Ìyá Aránṣọ wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Iwájú ni àwọn káńsẹ́lọ̀ wà lórí àga tuntun wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti ka àkọsílẹ̀ ohun tí ọ́fíìsì ṣe láti ìpàdé tó kọjá sókè, nítorí náà Òǹtẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"A kọ ìwé àtakò náà, nítorí pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kankan níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i." Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ohun tí mo kà yìí, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Mo wà níbẹ̀."

Alága yí àga rẹ̀ bírí, ó dojú kọ ọ́.

"Akọ̀wé, jókòó," Alága wí.

"Mi ò jókòó, sà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi wà níbẹ̀. Ní ilé wẹ́dà, ajá lé wa títí dé ìta, wẹ́dà ló sáré tẹ̀ lé wa kó lè fọwọ́ sí i. Ní ilé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá náà ka ìwé yẹn tán pátápátá, wọ́n tún àṣìṣe méjì ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó gba bírò. Ìyá kan tó wà lórí àìsàn ní kí á gbé òun jókòó ná, pé òun ò ní fi ìdùbúlẹ̀ fọwọ́ sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ọ̀kan tí ojú mi ò sí níbẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa!"

"Òótọ́ ló ń sọ!" Wẹ́dà ló kígbe láti ẹ̀yìn. "Ajá mi nìyẹn!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dà rú. Ẹni yìí ń kígbe nọ́ńbà ilé rẹ̀, tọ̀hún ń na ọwọ́ sókè pé òun náà fọwọ́ sí i. Alága fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì títí ó fi pọ́n. Níkẹyìn, káńsẹ́lọ̀ kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ṣí ìwé òfin, ó kà á, ó sì gbé e síwájú Alága láìsọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ti jẹ́rìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìlú jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Ìwọ," Alága sọ fún Òǹtẹ̀, "lọ kó ẹrù ẹ."

Níta, Nọ́ọ̀sì dúró dè é. Òǹtẹ̀ rìn bá a pẹ̀lú páálí kékeré kan lábẹ́ apá.

"O pẹ́," Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo pẹ́."

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì yára padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìtún sọ nǹkan míì.

Ṣé ẹ rò pé Alága gba kámú? Ẹ ò mọ irú wọn. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìlú jókòó, ó rán ọkọ̀ akẹ́rù sí yàrá ìgbẹ̀bí ní òwúrọ̀, ó ní kí wọ́n lọ kó bẹ́ẹ̀dì wá sí sítọ́ọ̀. Tí bẹ́ẹ̀dì ò bá sí mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ jókòó lé lórí? Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, orí ọmọ ti ń yọ, Nọ́ọ̀sì ò lè gbé ọwọ́ kúrò. Láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta yí bẹ́ẹ̀dì ká ló ti ń pariwo: "Ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan kan níbí yìí, màá bá a jà! Ẹ jẹ́ kí n parí ná, màá bá a jà!"

Ìyá Aránṣọ ti rí ọkọ̀ náà láti kọ́nà, ó ti ránṣẹ́ sí Òǹtẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Òǹtẹ̀ sáré dé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí ẹ̀yìn tí kò nà mọ́ yẹn ṣe sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kìíní, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú.

"Ìwọ tí ò ń wò mí yìí," ó sọ fún èyí tó ga nínú wọn, "mo mọ̀ ẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbálẹ̀ yín, mi ò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Mo ti gbójú sókè lónìí. Tí o bá máa gbé bẹ́ẹ̀dì, gbé e tèmi tòun."

Ìyá Aránṣọ na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí ìkẹta. Òǹtẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ìkẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù ú lọ, ó yọ sí ojú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Lẹ́yìn aṣọ, obìnrin tó ń rọbí kígbe kan tó mú kí gbogbo wọn dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ọmọ ké. Èyí tó ga ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o," ohùn rẹ̀ kéré, ó sì fa ẹnìkejì rẹ̀ lápá jáde. Wọ́n wa ọkọ̀ wọn lọ lófìfo.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì jáde sí wọn, tó ń nu ọwọ́, ìyá Òǹtẹ̀ wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwọ ni obìnrin tó fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"O bà á jẹ́ dáadáa," ìyá náà wí, ó sì fa obìnrin náà mọ́ra.

Ìlú jókòó. Àwọn aboyún sọ̀rọ̀, àwọn ọkọ wọn sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn káńsẹ́lọ̀ dìbò: márùn-ún ní kí wọ́n tì í, méje ní kó wà bẹ́ẹ̀. Ariwo ayọ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Alága dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá sọ pé ọ̀rọ̀ ọdún yìí nìyẹn, àwọn á tún gbé e yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀.

Òǹtẹ̀ bá Nọ́ọ̀sì níta, lórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò yọ̀.

"Ọdún tó ń bọ̀!" ó wí. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́!"

"Mo gbọ́ ọ."

"Gbogbo ìrìn yẹn, gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, kí wọ́n kàn lè jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ wa fún ọdún kan! Inú ń bí mi, Òǹtẹ̀. Kò ní rọ̀ lónìí, kò sì ní rọ̀ lọ́la."

"Mo mọ̀. Fẹ́ mi."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo ń sọ ṣá?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Inú ń bí èmi náà. Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì purọ́ lójú ẹ nígbà kan, mi ò ní gbàgbé ìyẹn títí n ó fi kú. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á bá èmi náà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mi ò ní kí o tújú ká fún mi, olólùfẹ́ mi. Fẹ́ mi bí inú ṣe ń bí ẹ yìí."

Àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń kí wọn kú oríire.

"Ọjọ́ wo?" Nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Ọjọ́ tí o bá ráyè."

Ó fi ìka kà á. "Ìyàwó kafíńtà máa bí lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tó lóyún ìbejì máa tẹ̀ lé e, mi ò lè jìnnà sí i. Ọjọ́ Ẹtì tó tún ń bọ̀, láti aago méjìlá sí aago méjì, mo lè ráyè. Yàrá yẹn náà la ti máa ṣe é, kí n má jìnnà."

"Wákàtí méjì ti tó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ra wọn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, láàárín bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí èèyàn wà lórí mẹ́ta nínú wọn. Ìyá Òǹtẹ̀ jókòó sórí ìkẹrin, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún un pé kó dìde. Wọ́n bi Òǹtẹ̀ bóyá ó gbà, ó ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó bèèrè tán. Nígbà tó kan Nọ́ọ̀sì, ọmọ tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ké gan-an. Gbogbo wọn dúró dè é títí ó fi ké tán, Nọ́ọ̀sì wá ní bẹ́ẹ̀ ni.